Oyster, Afárá àti Àwo Oúnjẹ: Iṣẹ́ Òòjọ́ Ló Gbé Ìlú Quanzhou Ró

Àwọn tó ń kọ̀wé fún arìnrìn-àjò afẹ́ sábà máa ń pín ìlú sí ọ̀nà mẹ́ta: ibi tó yẹ ní wíwò, oúnjẹ ìlú àti àṣà ìlú. Àpilẹ̀kọ yìí kò fara mọ́ irú ìpín bẹ́ẹ̀. Quanzhou, ìlú etíkun ní ìpínlẹ̀ Fujian lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ni ẹ̀rí wa. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ará etíkun ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn ni Quanzhou. Zaitun ni àwọn oníṣòwò Lárúbáwá ń pè é láyé àtijọ́; Marco Polo àti Ibn Battuta kọ̀wé nípa èbúté rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Qingjing tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1009 ṣì wà níbẹ̀, tòun ti òkúta tí wọ́n gbẹ́ èdè Lárúbáwá sí. Lọ́dún 2021, àjọ UNESCO ka ibi 22 níbẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé. Ohun tí ọ̀pọ̀ rí fà yọ nínú èyí ni pé òwò òkèèrè ló sọ ìlú náà di ńlá. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ku apá kan.

Ẹ jẹ́ ká wo afárá Luoyang ní Quanzhou, tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1053 sí 1059, tí gómìnà Cai Xiang sì ṣe kòkárí rẹ̀. Ẹnu odò, níbi tí omi odò àti omi òkun ti ń bára wọn jà, ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Wọ́n da òkúta sísàlẹ̀ omi kí òpó lè rí ibi dúró, wọ́n sì ń sin oyster sára òkúta náà. Ẹran oníkarahun yìí kì í kúrò níbi tó bá lẹ̀ mọ́. Bó ṣe ń bí sí i ló ń so òkúta pọ̀. Ó ṣòro láti gbà pé inú ìwé nìkan ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti wá. Ẹni tó ń fi irin ṣí oyster kúrò lára àpáta ló mọ bó ṣe ń lẹ̀ pinpin tó.

Ní abúlé Xunpu, ní Quanzhou kan náà, ìkarahun oyster ni wọ́n tò sára ògiri ilé, ìlà lórí ìlà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa fi òdòdó yí òṣùṣù irun wọn ká, àwọn kan náà ló sì ń ṣí oyster tà. Tó bá dé inú agbada, wọ́n á pò ó mọ́ sítáàṣì ọ̀dùnkún àti ewé aáyù, wọ́n á da ẹyin lé e, wọ́n á sì dín in títí etí rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí àárín rẹ̀ yóò ṣì máa yọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá ti dáàbò bo afárá àti mọ́ṣáláṣí, ó tó. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Lónìí, àlejò ń rọ́ lọ sí Xunpu láti sanwó kí wọ́n lè fi òdòdó sórí, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Owó náà wúlò fún abúlé. Síbẹ̀, bí ọmọ abúlé kò bá rí iṣẹ́ omi ṣe mọ́, tí a wá ń ṣọ́ òkúta nìkan, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ó yẹ kí ẹrẹ̀ etíkun tí wọ́n ti ń sin oyster ní ààbò kan náà pẹ̀lú afárá, kí a sì ka àwọn obìnrin tó ń ṣí i mọ́ àwọn tó ni ìtàn ìlú náà.