Ẹni Mẹ́rin Tó Ṣáájú Thorp

Bí o bá bi àwọn tó fẹ́ràn tẹ́tẹ́ káàdì pé ta ló dá káàdì kíkà sílẹ̀ nínú blackjack, ọ̀kan nínú ìdáhùn méjì ni wàá gbọ́. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ yóò ní Edward Thorp ni, onímọ̀ ìṣirò tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó sì gbé ìwé kan jáde ní 1962 tí ara kò fi rọ àwọn onílé tẹ́tẹ́ Las Vegas mọ́. Àwọn tí fíìmù “21” kọ́ ní tiwọn yóò ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT ni. Ìdáhùn kejì yìí kò tó ohun tí à ń bá jà; nǹkan bí ogún ọdún ló fi pẹ́ dé. Ti àkọ́kọ́ ló gba àríyànjiyàn, nítorí òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, òótọ́ ọ̀hún ló sì bo ohun tó kù mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní káàdì kíkà. Káàdì 52 ló wà nínú ìdì kan. Ẹni tó ń ta á fẹ́ súnmọ́ 21 láìkọjá rẹ̀, ó sì fẹ́ ju ẹni tó ń pín káàdì fún ilé lọ. Ẹni tó ń pín káàdì kò lómìnira kankan: bí tirẹ̀ bá jẹ́ 16 tàbí tó kéré sí i, dandan ni kó mú òmíràn, bó bá pé 17, dandan ni kó dúró. Oníbàárà ló lè ṣe bó ṣe wù ú. Ohun kejì ni pé káàdì tó bá ti jáde kì í padà wá títí wọn yóò fi tún gbogbo rẹ̀ pò. Ẹni tó ń ta Bàbá Ìjẹ̀bú mọ̀, tàbí ká sọ pé ó yẹ kó mọ̀, pé nọ́ńbà àná kò sọ ohunkóhun nípa tòní, torí gbogbo nọ́ńbà ló tún padà síbi tí wọ́n ti ń mú un. Blackjack kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn káàdì kéékèèké bá ti lọ, tó jẹ́ pé 10 àti ace ló pọ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù, ẹni tó ń pín káàdì tí òfin ní kó mú òmíràn lórí 16 máa ń kọjá 21 lemọ́lemọ́, oníbàárà tó sì gba ace pẹ̀lú 10 lẹ́ẹ̀kan náà máa ń gba dọ́là 3 lórí dọ́là 2. Ẹni tó ń ka káàdì kò há káàdì 52 sórí. Ó kàn ń ṣọ́ ìgbà tí èyí tó ṣẹ́kù bá fì sọ́dọ̀ rẹ̀, kó lè fi owó ńlá lélẹ̀ nígbà náà, kó sì fi táṣẹ́rẹ́ lélẹ̀ nígbà yòókù.

Ṣùgbọ́n káàdì kíkà yìí kò wúlò fún ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kó fi káàdì ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Bí mo bá ní 12, tí káàdì tí ilé ṣí sílẹ̀ jẹ́ 4, ṣé kí n mú òmíràn ni àbí kí n dúró? Bí mo bá ní 8 méjì, ṣé kí n yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹni tó bá ń ṣi irú ìdáhùn báyìí mú yóò pàdánù ju èrè tí káàdì kíkà lè mú wá fún un lọ. Ìpìlẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe Thorp ló fi í lélẹ̀.

Àwọn ṣójà mẹ́rin ni. Ibùdó ológun Amẹ́ríkà kan wà ní Maryland tí wọ́n ń pè ní Aberdeen Proving Ground, níbi tí wọ́n ti ń dán ohun ìjà wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Roger Baldwin ń ta káàdì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ òfin Las Vegas dé, pé ẹni tó ń pín káàdì kò gbọdọ̀ dúró lórí 16, kò sì gbọdọ̀ mú òmíràn lórí 17. Ọ̀pọ̀ yóò gbọ́ òfin yẹn, wọn yóò sì máa ta tẹ́tẹ́ wọn lọ. Baldwin tó kàwé nínú ìmọ̀ ìṣirò gbọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀: bí ẹnìkejì kò bá ní yíyàn, a jẹ́ pé a lè ṣírò ohun tó dára jù fún ẹnìkíní lórí káàdì yòówù tó bá bà lé e lọ́wọ́. Ó mú Wilbert Cantey, Herbert Maisel àti James McDermott mọ́ra. Kò sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì ni wọ́n ní, irú èyí tí àwọn akọ̀wé owó ń tẹ̀ pàkàpàkà láyé ìgbà yẹn. Ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀.

Iṣẹ́ wọn jáde ní oṣù kẹsàn-án 1956 nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ètò ní Amẹ́ríkà, Journal of the American Statistical Association. Gbogbo ohun tí àwọn àgbà atatẹ́tẹ́ ń fi ọkàn rò tẹ́lẹ̀ di nọ́ńbà tó dúró sójú kan. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìlànà wọn, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé 0.62% péré ni ilé yóò máa fi jù ú lọ, ìyẹn kò tó dọ́là kan nínú 100 tó bá fi lélẹ̀. Bí ẹ bá rántí pé ẹ̀rọ orí tábìlì lásán ni wọ́n fi ṣe é, ẹ ó gbà pẹ̀lú mi pé iṣẹ́ ńlá ni.

Ní 1957, wọ́n sọ ọ́ di ìwé fún gbogbo ènìyàn, Playing Blackjack to Win. Charles Van Doren ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Amẹ́ríkà nígbà náà nítorí ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́, ẹ jọ̀wọ́, Twenty-One. Ní 1959 ló jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pé wọ́n ti ń fún òun ní ìdáhùn ṣáájú. Àwọn mẹ́rin tí kò ṣe àbòsí kankan kò rí òkìkí, ẹni tó fi ọwọ́ sí ìwé wọn ló gba òkìkí ti rere àti ti búburú. Ohun tó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa ni pé ìwé náà ní orí kan tó dá lórí bí a ṣe lè fi káàdì tí a ti rí tún ipò wa ṣe. Ọdún márùn-ún gbáko kí ìwé Thorp tó jáde nìyẹn.

Báwo ni Thorp ṣe wọ inú rẹ̀? Yunifásítì UCLA ló wà, ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sọ fún un nípa àpilẹ̀kọ àwọn ṣójà náà nígbà tó gbọ́ pé ó ń lọ ṣe ìsinmi Kérésìmesì 1958 ní Las Vegas. Thorp da ìlànà wọn kọ sórí páálí kékeré kan tó lè wọ àtẹ́lẹwọ́, ó mú dọ́là 10 dání, ó sì jókòó sídìí tábìlì. Àwọn tó yí i ká ń fi páálí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pàdánù dọ́là 8.50. Ìgbà tó padà dé ilé ló wá ka àpilẹ̀kọ náà dáadáa, tó rí ohun kan tí àwọn mẹ́rin náà gbà láti mú ìṣirò wọn rọrùn: wọ́n ṣe é bí ẹni pé inú ìdì tó pé 52 ni gbogbo ọwọ́ ti ń jáde. Ó bi ara rẹ̀ pé, bí kò bá pé 52 mọ́ ńkọ́?

Ìbéèrè yẹn ni ti Thorp, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ó kọ̀wé sí Baldwin, ó béèrè ìwé ìṣirò wọn gan-an, Baldwin sì fi ránṣẹ́ sí i ní 1959. Bí ẹni tí a kò mọ̀ rí bá béèrè iṣẹ́ ọdún kan àbọ̀ lọ́wọ́ wa lónìí, mélòó nínú wa ni yóò dá a lóhùn? Inú ìwé wọ̀nyí ni Thorp ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé MIT, ó kọ́ èdè kọ̀ǹpútà Fortran, ó sì fi ìṣirò náà sórí IBM 704. Ó ní kí ẹ̀rọ náà yọ irú káàdì kan kúrò lẹ́yìn òmíràn, kó sọ ohun tó yí padà. Bí 5 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti lọ, èrè kúrò lọ́dọ̀ ilé, ó di ti oníbàárà, ó sì ju 3% lọ. Claude Shannon, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ National Academy of Sciences, ló bá a gbé àpilẹ̀kọ tó kọ nípa rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó sì ní kó yọ ọ̀rọ̀ nípa “bíborí” kúrò ní àkọlé rẹ̀ kó má bàa ṣe bí ìpolówó ọjà. Oṣù kìíní 1961 ló jáde.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn mẹ́rin náà kò borí ilé, wọ́n kàn kọ́ni bí a ṣe ń pàdánù díẹ̀díẹ̀ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 0.62% kéré débi pé ohun kékeré tó bá kún un ti tó láti yí i padà. Bí àlàfo yẹn bá jẹ́ 5%, bóyá ni Thorp ì bá fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lé e lórí. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwọn mìíràn yóò gba ibòmíì wọlé, wọn yóò ní kí ni Baldwin ti jẹ́, ṣé kì í ṣe pé àwọn atatẹ́tẹ́ kan ti ń ka káàdì ṣáájú gbogbo wọn? Òótọ́ nìyí náà, ìwé Thorp fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́. Ẹnìkan wà tí wọ́n ń pè ní System Smitty, tí ìtàn ní ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín káàdì nígbà 100,000 láti mọ bó ṣe ń rí. Jess Marcum, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí RAND, wà lára wọn pẹ̀lú. Mi ò kóyán wọn kéré. Àmọ́ àpò ara wọn ni wọ́n fi ìmọ̀ náà sí, nítorí ibẹ̀ ni owó wọn wà, kò sì sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò tàbí kó kọ́ ilé lé e lórí. Àwọn mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ jáde. Thorp náà tẹ̀ ẹ́ jáde, nígbà tó lè dákẹ́ kó sì máa kó owó lọ. Ojú yìí ni mo fi ń wò wọ́n pọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ìtàn ẹni kan ṣoṣo yìí máa ń fò. Káàdì kíkà tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí kì í ṣe irú èyí tí Thorp kọ́kọ́ kọ́ni. Tirẹ̀ ni kí a máa ka 5, tàbí kí a bẹ̀rẹ̀ láti 36 àti 16, kí a máa yọ káàdì yòókù lára 36, kí a máa yọ 10 lára 16, kí a sì máa pín ọ̀kan sí èkejì lórí nígbà tí ọtí ń kọjá, tí orin ń dún. Ta ló lè ṣe é pẹ́? Harvey Dubner ló mú ọ̀nà tó rọrùn wá sí ìpàdé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Las Vegas ní 1963: káàdì 2 sí 6, fi 1 kún un, 10, jack, queen, king àti ace, yọ 1, 7 sí 9, má ṣe nǹkankan. Káàdì 20 ní apá kan, 20 ní apá kejì, kí ìdì tó parí ó gbọ́dọ̀ padà sí òdo. Julian Braun ní IBM ló tún un ṣírò, tó mú un péye. Àtúnṣe ìwé Thorp ti 1966 ló gbé e fún ayé, orúkọ Thorp ló sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Kí ló dé tí ìtàn fi rí bẹ́ẹ̀? Ìwé Thorp jẹ́ ìtàn tó dùn. Àwọn olówó méjì gbé owó kalẹ̀ fún un, ó yàn láti fi dọ́là 10,000 bẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ sí Nevada ní 1961, wọ́n sì bọ̀ pẹ̀lú èrè tó tó 11,000. Ta ni yóò fi èyí sílẹ̀ lọ sọ nípa ṣójà tó ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò nírọ̀lẹ́? Àwọn ilé tẹ́tẹ́ náà sì dá kún un. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1964, àwọn ilé tẹ́tẹ́ Las Vegas yí òfin blackjack padà kó lè nira fún oníbàárà. Àwọn oníbàárà kọ̀ ọ́, tábìlì ṣófo, kò sì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí wọ́n fi dá òfin àtijọ́ padà. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ra ìwé náà kò kúkú lè ka káàdì. Ìgboyà tí ìwé fún wọn ni wọ́n gbé wá, owó wọn sì ń wọlé fún ilé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT ńkọ́? Ìparí àwọn ọdún 1970 ni ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n tí fíìmù fi hàn bí ẹni pé tiwọn ni, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kà ní tábìlì káàkiri, kí wọ́n wá fi àmì pe ẹnìkan tó ń fi owó ńlá lélẹ̀, atatẹ́tẹ́ kan tó ń jẹ́ Al Francesco ló ti ń lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ken Uston, tó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ti kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1977. Fíìmù náà tún fi àwọn aláwọ̀ funfun rọ́pò àwọn tó ṣe é, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Éṣíà tó wà ní Amẹ́ríkà, ìyẹn sì dá ariwo sílẹ̀ nígbà náà.

Thorp kò jẹ nínú ẹ̀bi bí wọ́n ṣe gbàgbé àwọn ṣójà wọ̀nyẹn. Ó dárúkọ àwọn mẹ́rin náà nínú ìwé rẹ̀, ó sì tún sọ nípa wọn nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó tẹ̀ jáde ní 2017. Àwọn tó ń tún ìtàn sọ ló ń gé e kúrú. Àwọn ọ̀jáfáfá nídìí blackjack ní ẹgbẹ́ ọlọ́lá tiwọn, Blackjack Hall of Fame. Thorp wà lára àwọn méje àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sínú rẹ̀. Baldwin, Cantey, Maisel àti McDermott kò wọ ibẹ̀ títí di oṣù kìíní 2008, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn àpilẹ̀kọ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà ni “21” jáde ní sinimá.