Onídùúró

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí i ni." Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá ṣe ń di onídùúró nígbà tí àbúrò bá fẹ́ yáwó ra ọkọ̀ kọ́rọ́pe. Wọ́n rò pé ẹlẹ́rìí ni àwọn. Rárá o.

Ọ̀rọ̀ náà kò fara pamọ́: oní àti ìdúró ló bí i. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, onídùúró ń dúró pé afurasí yóò padà wá tí wọ́n bá pè é. Nídìí owó, ó ń dúró pé gbèsè yóò di sísan. Àpẹẹrẹ: "Ìyá Ṣadé ló ṣe onídùúró fún àbúrò wọn, nígbà tí ìyẹn ò rí owó san mọ́, àwọn ni wọ́n pè."

Ẹlẹ́rìí ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó parí. Onídùúró ní tirẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà ti sọ ọ́ pé olówó lè pè é lẹ́jọ́ láì kọ́kọ́ pe ẹni tó yáwó. Ọkọ̀ ìbáà dẹnu kọlẹ̀ ní Ìgàndò, gbèsè ò dúró.

Ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ sún mọ́ onídùúró. Òun ni Bíbélì lò nínú ìwé Òwe. Ṣùgbọ́n lóde òní, ẹni tó sanwó ètò orí rédíò la sábà ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí náà onídùúró ni mo fara mọ́. Ó ń dùn mí pé "ẹ kàn bá mi" kì í sí nínú fọ́ọ̀mù tí onídùúró ń fọwọ́ sí. Àyè fọ́tò ló wà níbẹ̀, àdírẹ́sì ilé yín, àti nọ́ńbà àkáǹtì yín.