Ta Ni Yóò Bá Aláìsàn Rìn? Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Ìtàn Ìwòsàn ní Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì

Bí obìnrin kan bá ń rọbí lóru ní Fájuyì, ní Adó-Èkìtì, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ilẹ̀kùn ta ni àwọn ará ilé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kàn? Ẹni tó bá ti ṣe olùṣọ́-àgùntàn rí mọ ìdáhùn rẹ̀: ilẹ̀kùn pásítọ̀ ni. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé, lẹ́yìn tí a bá ti ṣe àmín, ǹjẹ́ a mọ ọ̀nà tí a ó bá wọn gbà? Ìtàn àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ ní ohun tó lè kọ́ wa.

Ní ọdún 1918, àrùn inflúẹ́ńsà bá ọkọ̀ òkun dé Èkó, ó sì tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's, tí Joseph Shadare àti Sophia Odunlami, olùkọ́ ọ̀dọ́bìnrin, wà lára wọn, fara mọ́ àdúrà. Nínú ìpàdé wọn ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti jáde. Ní 1922 wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, nítorí ìrìbọmi ọmọdé àti nítorí pé wọ́n kọ oògùn. Kí a tó dá wọn lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ní ọdún náà, dókítà òyìnbó pàápàá kò ní oògùn tó ń wo inflúẹ́ńsà sàn. Àdúrà àti ẹni tí yóò dúró ti aláìsàn ni ìrànlọ́wọ́ tó wà ní àrọ́wọ́tó.

Ní 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Ìléṣà, lábẹ́ Joseph Ayo Babalola, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ títì kí Ọlọ́run tó pè é ní 1928. Láti ibẹ̀ ni iná ìsọjí náà ti ràn dé Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ní Èkìtì. Ìròyìn ìwòsàn ni a máa ń sọ jù nípa ìgbà yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í sábà wò: aláìsàn tí kò lè rìn kò dá dé Òkè-Ooye. Ẹnìkan ló gbé e wá, tó fún un ní oúnjẹ, tó sì sùn tì í.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ oògùn fi dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 1930 sí 1939 ń parí lọ, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì tó wá láti Bìrìtìkó ń lo kuniní nítorí ibà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa sọ pé èyí kò bá ẹ̀kọ́ ìwòsàn àtọ̀runwá mu. Ìyapa náà wà lára ohun tó bí Christ Apostolic Church, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Síbẹ̀, Samuel Ajayi Crowther pẹ̀lú jẹ́ baba wa. Ní 1854 ó wà nínú ọkọ̀ Pleiad tó gba Odò Ọya lọ. Dókítà Baikie fún àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà ní kuniní, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó kú. Crowther rí èyí, kò sì dẹ́kun àdúrà.

Ìléṣà kan náà tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tó jẹ́ ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, David Morley, dókítà àwọn ọmọdé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1956. Ó rí i pé àwọn ọmọ tó ń kú kì í tètè dé ilé ìwòsàn. Nítorí náà ó gbé ìtọ́jú lọ bá wọn ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ìtòsí Òkèmẹ̀sí-Èkìtì. Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò láti wọn àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n sì ń fún ìyá ní káàdì tí ìwọ̀n ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kó mú un lọ sílé. Ikú àwọn ọmọdé dínkù gidigidi níbẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Alma-Ata ní 1978, irú ìtọ́jú alábọ́dé yìí di ètò ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ló sì tàn án ká Nàìjíríà.

Lónìí, wọ́ọ̀dù 177 ló wà ní Èkìtì. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ilé Abiyè tí àwọn Áńgílíkà dá sílẹ̀ ní Adó ṣì ń jẹ́ orúkọ tó dùn mọ́ aboyún létí. Òfin ìlera ti 2014 sì kà á léèwọ̀ fún ilé ìwòsàn láti kọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀.

Kí ni ó kù fún wa? Kí pásítọ̀ tó dé ibùdó tuntun mọ ilé ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù rẹ̀, kó mọ nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lójú, kó sì béèrè bóyá ó ń ṣí lóru. Kó mọ ọmọ ìjọ tó ní ọkọ̀, àti àwọn tó lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Kí ìjọ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe nínú èésú, kí àìrówó má baà dá aláboyún dúró lẹ́nu ọ̀nà. Jákọ́bù ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ. Kò sọ pé iṣẹ́ àgbà parí nígbà tí òróró bá gbẹ. Ará Samáríà da òróró sí ọgbẹ́, ó gbé ọkùnrin náà sórí ẹranko rẹ̀, ó sì san owó ilé èrò.

Orúkọ Fájuyì pàápàá ń bá wa wí. Ọmọ Adó ni Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, ní July 1966. Kò fi àlejò sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aláìsàn inú ìjọ wa dá rìn lóru.