Sìgá Lójú Omi: Láti Ọkọ̀ Ẹrú Títí Dé Bóòtù Bonny

Ìtàn ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ìtàn tó kan ẹ̀mí wa ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi kọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo kó ọjà lọ sí Bonny bí mo ṣe máa ń ṣe. Bóòtù kún. A tó èèyàn ogún, gálọ́ọ̀nù epo bẹntiróòlù mẹ́ta sì wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. A ò tíì kúrò ní èbúté tán tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi yọ sìgá, ó ṣáná sí i. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ̀ta iná lọ sẹ́yìn, níbi tí epo wà gan-an. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń wa bóòtù ò wí nǹkan kan. Èmi náà dákẹ́. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ará Ìjọ́, tó gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ sáàárín ẹsẹ̀, ló kọjú sí i tó fi Pidgin sọ fún un pé tó bá wù ú kó kú, kó má fi tiwa kún tiẹ̀. Ọmọ náà ju sìgá sómi.

Ojú tì mí, nítorí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, èmi alára mu sìgá fún ọdún mọ́kànlá kí Ọlọ́run tó gbà á lọ́wọ́ mi. Èkejì, Òkèhò ni wọ́n bí mi sí. Tábà ni bàbá mi ń gbìn fún iléeṣẹ́. Owó tábà ló rà mí ní aṣọ ilé ìwé, òun náà ló san owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá mi. Nítorí náà, mi ò jókòó sórí àga adájọ́. Mo kàn fẹ́ ká wo bí sìgá àti ọkọ̀ ojú omi ṣe jọ rìn pọ̀, àti ìdí tí òfin rẹ̀ fi yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí èkejì.

Ọkọ̀ ló gbé e dé

Kì í ṣe ilẹ̀ wa ni tábà ti ṣẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ tó korò: ara owó tí wọ́n fi ra àwọn baba ńlá wa ni. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, àwọn ará Potogí máa ń mú ewé tábà tí kò dára tó láti kó lọ sí Lisbon, wọ́n á fi oyin ìrèké pa á, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á wé e sínú awọ. Ìyẹn ni wọ́n ń kó wá sí Ouidah, àti lẹ́yìn náà sí Àgbádárìgì àti Èkó. Oyin ìrèké yẹn jẹ́ kó dùn lẹ́nu àwọn èèyàn etí òkun, débi pé oníṣòwò tí kò bá ní tábà Bahia lọ́wọ́, ọjà rẹ̀ kì í tètè yá. Tábà wọlé, èèyàn jáde. Bí a bá ń sọ pé sìgá ń pani, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni. Ó ti ń jẹ èèyàn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Iná ni ẹ̀rù àkọ́kọ́

Nígbà tí igi àti aṣọ ìgbòkun ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀, tí ọ̀dà wà lára pákó, tí ẹ̀tù ìbọn wà nísàlẹ̀, kò sí ọ̀gá ọkọ̀ tó lè gbà kí ẹnikẹ́ni máa mu tábà níbi tó bá wù ú. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé fìtílà kan sí ìtòsí ilé ìdáná ọkọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni atukọ̀ ti lè tan ìkòkò tábà rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní kí wọ́n pa fìtílà náà, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mu ún títí wọ́n á fi tún un tàn. Títí di àkókò wa yìí, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣì ń fi ọ̀rọ̀ fìtílà yẹn kéde ìgbà tí èèyàn lè mu sìgá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fìtílà ọ̀hún ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń ronú nípa ìlera nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ iná ni.

Ìgbà tí sìgá di ti ọlọ́lá

Nígbà tí irin rọ́pò igi, ìbẹ̀rù iná dínkù. Àwọn ọkọ̀ èrò ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá fún àwọn tó ń mu tábà. Ọkọ̀ Titanic tó rì ní 1912 ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ fún ipò kìíní, ó ní fún ipò kejì, ó tún ní fún ipò kẹta. Ti ipò kìíní, ọkùnrin nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Wọn ò fòfin de sìgá, wọ́n kàn fi ipò àti owó pín in.

Irú ọkọ̀ yìí náà ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá lọ kàwé ní London. Ẹ bi àwọn àgbà tó lọ ní nǹkan bí 1950 sí 1970. Wọ́n á sọ fún yín nípa ọkọ̀ Elder Dempster tó ń rin láàárín Liverpool àti Èkó: Accra, Apapa, àti Aureol tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń rin ìrìn náà. Yàrá ìmusìgá wà nínú Aureol pẹ̀lú ibi ọtí rẹ̀. Nígbà yẹn, ọmọ ìlú tó bá ti òkè òkun dé, aṣọ kóòtù àti sìgá lẹ́nu ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọdé rí i, ó wù wọ́n. Ní 1974 ni Aureol parí iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé pẹ̀lú, wọ́n ti ń ṣe sìgá. Òṣogbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní 1933, ilé iṣẹ́ ńlá ti Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1937. Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Ṣakí àti gbogbo Òkè-Ògùn di oko tábà. Iléeṣẹ́ á fún àgbẹ̀ ní irúgbìn àti ajílẹ̀ láwìn, wọ́n á yọ owó wọn nígbà tí ewé bá délé. Igi tí bàbá mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gé láti fi yan ewé tábà nínú ahéré, mi ò lè kà á tán. Mo rántí òórùn rẹ̀ títí dòní. Ó dùn, kò jọ òórùn ohun tó lè pani.

Àwọn ọkọ̀ afẹ́ àti òfin wọn

Lóde òní, ọkọ̀ ojú omi tí àwọn olówó ń wọ̀ lọ ṣe fàájì pọ̀ lágbàáyé. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù.

Ní 1998, iléeṣẹ́ Carnival gbé ọkọ̀ tuntun kan jáde, Paradise. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu sìgá nínú rẹ̀ rárá, ìbáà jẹ́ èrò, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́. Kódà àwọn tó kọ́ ọkọ̀ náà ní ilẹ̀ Finland, wọn ò jẹ́ kí wọ́n mu sìgá nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́, owó ìtanràn dọ́là 250 ni, wọ́n á sì já a sílẹ̀ ní èbúté tó kàn, kó wá ọ̀nà ara rẹ̀ délé. Kò pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi yí òfin náà padà. Kí ló fà á? Owó ni. Wọ́n rí i pé àwọn tí kì í mu sìgá kì í náwó tó bẹ́ẹ̀ nídìí ọtí àti tẹ́tẹ́.

Ìgbà tó yá, iná padà wá fi ojú rẹ̀ hàn. Ní òru ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2006, ọkọ̀ Star Princess ń lọ sí Jamaica pẹ̀lú èrò tó lé ní 2,500. Àwọn tó ṣe ìwádìí sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àjókù sìgá tí ẹnì kan jù ló ti iná bọ bákónì kan, ìyẹn ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tó kọjú sí òkun. Ike ni àga, ike ni ohun tí wọ́n fi pín ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sí èkejì, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi síbẹ̀. Iná jó láti yàrá dé yàrá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá ló bàjẹ́, ẹnì kan sì kú. Ọkọ̀ irin ni o, ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Láti ìgbà náà ni àwọn iléeṣẹ́ ti ń mú okùn òfin náà le. Princess fòfin de sìgá ní bákónì ní 2012, Disney ní ìparí 2013, Royal Caribbean ní oṣù kìíní 2014, Carnival ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà. Ẹni tó bá rú òfin Carnival lè san dọ́là 500. Àmọ́ òfin wọn ò dọ́gba. Disney ò ní ilé tẹ́tẹ́ rárá nínú ọkọ̀ rẹ̀. Carnival ní, ó sì fi àyè sìgá sílẹ̀ níbẹ̀. Cunard ní tiẹ̀ ní yàrá pàtàkì nínú Queen Mary 2 fún àwọn tó ń mu sìgá ńlá tí wọ́n ń pè ní sìgà. Ẹ rí i bí nǹkan ṣe rí? Níbi tí èrò ti ń sùn, wọ́n lé sìgá jáde. Níbi tí èrò ti ń náwó, ọwọ́ wọn rọ̀. Oníṣòwò ni èmi náà, mo mọ ìdí rẹ̀, mi ò lè bú wọn jù.

Àwa ńkọ́?

Òfin wà ní Nàìjíríà. Ní 1990, nígbà ìjọba ológun, wọ́n gbé òfin kan jáde tó ní kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá ní ilé ìwé, ilé ìwòsàn, àti nínú ọkọ̀ èrò. Ní 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí èyí tó le jù ú lọ, ní ìparí ìjọba rẹ̀. Ọmọ odò ni òun alára, ó mọ bóòtù. Òfin 2015 náà ní kí wọ́n má ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí wọ́n má sì tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àfi páálí tó ní ogún ẹyọ.

Ẹ wá lọ sí èbúté ní Creek Road láàárọ̀ ọ̀la. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà á lórí àtẹ, pẹ̀lú láítà tí wọ́n so mọ́ okùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń rọ epo sínú gálọ́ọ̀nù.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ọkọ̀ irin tó ní ẹ̀rọ panápaná, tó ní dókítà, tó ní ọkọ̀ kékeré ìgbàlà lára, òun ló ń bẹ̀rù àjókù sìgá kan. Bóòtù tiwa, ike ni, epo wà nínú rẹ̀, ẹlòmíràn ò wọ jákẹ́ẹ̀tì ìgbàlà, ọ̀nà kan ṣoṣo láti sá fún iná ni kéèyàn bẹ́ sódò. Àwa ló yẹ ká bẹ̀rù jù, àwa la dákẹ́. Àwọn atukọ̀ àtijọ́ tí kò kàwé, tí kò mọ nǹkan kan nípa àrùn jẹjẹrẹ, fìtílà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, síbẹ̀ wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pa á.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Èkíní, nígbàkígbà tí àwa ọmọ Yorùbá bá jọ háyà bóòtù lọ sí òkú, ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ ní Bonny, ká sọ fún ẹni tó ń wà á kí a tó san kọ́bọ̀: kò sí sìgá, kò sí ìṣáná. Ẹni tó ń san owó ló ń ṣòfin, a ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ afẹ́ yẹn. Èkejì, bí ẹ bá wọ bóòtù èrò, tí ẹnì kan bá ṣáná, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ká má ba ìjà sílẹ̀ lórí omi, ṣùgbọ́n ẹ sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, àgbà pọ̀ nínú bóòtù wa, ìyá ẹlẹ́ja nìkan ló ṣe àgbà.

Bàbá mi ti lọ sinmi. Kó tó kú, ó fa gbogbo tábà oko rẹ̀ tu, ó gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní ẹ̀gẹ́, tí èèyàn bá tà á tí kò tà, ó lè jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín wọ ọkọ̀ Aureol tàbí Apapa lọ sí ìlú òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ fún yín sísàlẹ̀ níbí, kí àwọn ọmọ wa lè kà á. Omi ò ní gbé wa lọ o, iná ò ní jó wa. Àlọ re, àbọ̀ re fún gbogbo wa.