Aago Tí Wọ́n Tì Síwájú Nítorí Ẹyẹ

Bóyá inú dánfó lẹ wà, bóyá orí bẹ́ẹ̀dì lẹ dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ẹ ṣáà fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Orí aago ni ìtàn tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ńlá kan wà ní Sandringham, ní agbègbè Norfolk, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1862 ni wọ́n rà á fún Edward, àrẹ̀mọ Ọbabìnrin Victoria. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn kó máa yìnbọn pa ẹyẹ. Ìgbà òtútù sì ni àsìkò eré náà, ìgbà tí ilẹ̀ ń tètè ṣú. Kí ló wá ṣe? Ó ní kí wọ́n ti gbogbo aago ibẹ̀ síwájú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n lè tètè jáde, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí aago mẹ́sàn-án bá lù ní London, mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti lù ní Sandringham. Ẹ ò rí nǹkan! Nítorí ẹyẹ.

Kí n tètè sọ ọ́: ilẹ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ẹ́sítéètì onígéètì bíi ti Lekki. Oko ni, igbó ni, abúlé àwọn òṣìṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ni gbogbo rẹ̀.

Ọdẹ tí àwa mọ̀, òun ló ń tọ ẹran lọ. Ó ń rìn lóru, iná orí rẹ̀ ń tàn, ẹ̀gún ń gún un. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ọdẹ kan wà tí ìyà rẹ̀ kì í kan ẹni tó ń yìnbọn. Ó dúró sójú kan, wọ́n á sì lé ẹyẹ wá bá a. Lílé ẹran kò ṣàjèjì sí wa náà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn èèyàn wa máa ń sun ìgbẹ́, ajá á sì lé ọ̀yà jáde. Ṣùgbọ́n àti ẹni tó lé e àti ẹni tó pa á, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni ọkàn wọn wà.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Tẹ́lẹ̀, olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé ajá rẹ̀, ó sì ń ki ẹ̀tù bọnu ìbọn díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 1851, níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní London, wọ́n rí ìbọn ilẹ̀ Faransé kan tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ, wọ́n sì tún un ṣe. Ìbọn wá ń yára. Ìbọn tó ń yára sì ń fẹ́ ẹyẹ tó pọ̀. Rélùwéè náà dé. Lọ́dún 1862 kan náà ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ Wolferton, nítòsí Sandringham. Àlejò lè wọ ọkọ̀ láti London kó sì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Àmọ́ ta ló ń pèsè ẹyẹ? Àwọn òṣìṣẹ́ ni. Olùṣọ́ ẹran ìgbẹ́ á kó ẹyin pheasant, ìyẹn ẹyẹ tó tó àdìẹ tí akọ rẹ̀ ní ìrù gígùn, á sì fi í sábẹ́ àdìẹ kó bá a sàba. Á máa bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọn á fi gba ìgbẹ́ lọ. Lọ́jọ́ tí àlejò bá dé, àwọn ọkùnrin abúlé á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á fọ̀pá lu igi, wọ́n á rin igbó náà já. Ẹyẹ á fò gba orí àwọn ọlọ́lá kọjá. Ẹnì kan á dúró lẹ́yìn ọlọ́lá kọ̀ọ̀kan, á máa ki ìbọn kejì fún un. Lálẹ́, wọ́n á to òkú ẹyẹ sílẹ̀, wọ́n á kà á, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Orúkọ àwọn tó yìnbọn máa ń wà níbẹ̀, iye ẹyẹ náà máa ń wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó lé ẹyẹ kì í sábà sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kí n tó ní ètò tèmi, mo lo ọdún méjì níbì kan tí mo ti ń gé ohùn àwọn ẹlòmíì, tí mò ń tò ó, tí mò ń fọ̀ ọ́ mọ́. Wọn ò dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan.

Òfin ńkọ́? Láti ọdún 1671 títí di 1831, òfin ní kí tálákà má pa ẹran ọdẹ. Ó ní iye tí ilẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ máa mú wọlé lọ́dún, £100, kí o tó lè fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn 1831, ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ lè dẹ ọdẹ, bí onílẹ̀ bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1862 náà, òfin mìíràn fún ọlọ́pàá láṣẹ láti dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì tú àpò rẹ̀ wò bóyá ẹran ọdẹ tó jí pa wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ọlọ́pàá ti gba fóònù yín wò rí, ó yé yín.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọdún 1913, Ọba George V, ọmọ Edward yẹn, lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ yìnbọn ní Hall Barn, nítòsí Beaconsfield. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n pa pheasant 3,937. Ọba nìkan pa ju 1,000 lọ. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ọba fúnra rẹ̀ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bóyá àwọn ti ṣe é jù lọ́jọ́ náà. Bí tálákà bá wọ igbó yẹn lóru pa ẹyọ kan, ilé ẹjọ́ ló ń lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀. Ní Sandringham, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Frank Beck, alábòójútó ilẹ̀ náà. Lọ́dún 1908, Ọba Edward, tó ti jọba nígbà náà, ní kó kó àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jọ di ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Àwọn olùtọ́jú ọgbà wà níbẹ̀, àwọn olùṣọ́ ẹran wà níbẹ̀, àwọn lébìrà oko náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n kó wọn lọ sí Gallipoli, ní ilẹ̀ Tọ́kì.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ni àsìkò pípa ẹyẹ grouse máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, lọ́dún 1915, èèyàn mẹ́jọ dúró lórí òkè Littledale àti Abbeystead ní Lancashire, wọ́n sì pa grouse 2,929. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ní Gallipoli, wọ́n ní kí Frank Beck àtàwọn ọmọ ogun Norfolk sáré gba pápá gbalasa kọjá síwájú ìbọn àwọn ará Tọ́kì. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Beck. Kò padà wálé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ náà kò sì padà. Ọdún 1919 ni wọ́n tó rí egungun àwọn ọmọ ogun Norfolk níbi tí wọ́n ṣubú sí.

Mi ò sọ pé àwọn mẹ́jọ yẹn ló pa wọ́n. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n ka ẹyẹ tí wọ́n pa lọ́jọ́ yẹn, ọdún mẹ́rin ló sì gbà kí wọ́n tó rí egungun àwọn ọkùnrin.

Títí dòní, wọ́n ṣì ń ta irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Aṣètò á bá onílẹ̀ dúnàádúrà, iye ẹyẹ tí wọ́n bá fojú sí ló sì ń sọ iye owó tí àlejò máa san. Àwọn tó ń lé ẹyẹ náà ń gba owó díẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Oṣù Kìíní 1936 ni George V kú ní Sandringham. Ọmọ rẹ̀, èyí tí wọ́n jọ wà ní Hall Barn, ló gorí ìtẹ́. Lára ohun tó kọ́kọ́ pàṣẹ ni pé kí wọ́n dá aago ilé náà padà sí bó ṣe yẹ. Ìyẹn rọrùn láti ṣe.

Bẹ́ ẹ bá ń wo fótò ayẹyẹ kan lónìí, ẹ bèèrè orúkọ ẹni tó to àga. Ó dìgbà kan ná o.