Òkété ń gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ kò gbọ́

Ní 1942, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ tí Józef Kosacki, ará Pólándì, ṣe wá àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní El Alamein, ní Íjíbítì. Irin ni ẹ̀rọ náà ń wá. Jámánì sì ń fi àpótí pákó ṣe òmíràn. Lẹ́yìn ogun, ike ló gbòde. Ẹ̀rọ lè kọjá lórí rẹ̀ láìdún, kí ẹsẹ̀ ọmọdé wá tẹ̀ ẹ́.

Ní 1997, Bart Weetjens, ará Bẹ́ljíìkì, dá àjọ APOPO sílẹ̀. Òkété ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń kọ́ níṣẹ́ ní Tànsáníà. Òkété kì í wá irin: òórùn ẹ̀tù ló ń gbọ́. Ara rẹ̀ sì fúyẹ́, àdó olóró kì í bú mọ́ ọn. Wọ́n bá wọn ṣiṣẹ́ ní Mòsáńbíìkì, tí wọ́n kéde ní 2015 pé ilẹ̀ rẹ̀ ti mọ́. Magawa nìkan rí 71 ní Kàǹbódíà.

Olè ẹ̀gẹ́ ni àwa ń pè é, a sì ń fi í se ọbẹ̀. Imú rẹ̀ ti dá ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa.