Afẹ́fẹ́ Búburú àti Ẹ̀fọn Èkó

Ní erékùṣù Kos, ní ilẹ̀ Gíríìkì, ni a bí Hippocrates ní nǹkan bí ọdún 460 ṣáájú ìbí Olúwa wa. Àwọn tí ó tẹ̀lé e kọ́ni pé omi mẹ́rin ni ó wà nínú ara ènìyàn: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òróòro pupa rúsúrúsú, àti òróòro dúdú. Bí wọ́n bá ṣe déédé, ara a le. Bí ọ̀kan bá pọ̀ jù, àìsàn dé. Wọ́n fi ṣe àlàyé ìwà pẹ̀lú: ẹni tí òróòro pupa rẹ̀ bá pọ̀ ni onínú fùfù. Èyí kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí inú ni àwa náà fi ìbínú sí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó kan Èkó jù ni ìwé wọn kan lórí afẹ́fẹ́, omi àti ilẹ̀, tí ó wí pé omi àbàtà a máa ba ara jẹ́. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ítálì fi pe ibà ní afẹ́fẹ́ búburú. James Africanus Horton, dókítà ọmọ Sàró, kò yà kúrò lójú ọ̀nà náà nínú ìwé tí ó kọ ní 1867 lórí ojú ọjọ́ àti ìlera etíkun wa. Ẹni tí ó bá rántí àbàtà tí ó yí Èkó ká nígbà náà kò ní dá wọn lẹ́bi.

Ní 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Ní 1899 ni William MacGregor, tí òun náà jẹ́ dókítà, di Gómìnà Èkó. Ó mú kí a dí àbàtà, kí a pín oògùn kínínì, kí a sì gbẹ́ ipa omi tí a fi orúkọ rẹ̀ pè láàrin Èkó àti Ìkòyí. Àbàtà jẹ̀bi nítòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí òórùn rẹ̀; nítorí ẹ̀fọn tí ń yé sínú rẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ titun yìí ní oró tirẹ̀. Àwọn Òyìnbó kan wí pé, níwọ̀n bí kòkòrò ibà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa, kí àwọn máa gbé lọ́tọ̀. Ní 1904 wọ́n kó lọ sí Hill Station lórí òkè Freetown. MacGregor kọ̀ ọ́ fún Èkó: ìtọ́jú ìlú, ti gbogbo ará ìlú ni kí ó jẹ́. A kì í yin aláṣẹ àmúnisìn lásán, ṣùgbọ́n a yìn ín lórí èyí. Ọdún 1904 náà ni ó fi Èkó sílẹ̀. Àwọn tí ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́hìn náà sọ Ìkòyí di ibùgbé àwọn Òyìnbó, ní òdìkejì ipa omi rẹ̀ gan-an.